Ẹ Bi Wá Léèrè: Àmì Ni Wọ́n Rí ní Máàsì, Ẹ̀rí Kọ́

Lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì pupa tí ó tẹ̀ lé ayé tiwa bí a bá ń kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Márùn-ún ni a mú, a sì gé àwọn kan kúrú.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Yábàá ni àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí ohun ẹlẹ́mìí ní Máàsì. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé òkúta lásán ni wọ́n rí. Ọmọ mi tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní àmì ni wọ́n rí, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ìyàtọ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́ níbẹ̀? — Bàbá kan, Yábàá

Ìdáhùn: Bàbá, ọmọ yín ni ó jàre. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, àmì òjò ni, ṣùgbọ́n kò sí ará Èkó tí kò mọ̀ pé ó lè ṣú dùdù ní Ìkẹjà kí ẹyọ kan má kán sílẹ̀ ní Yábàá. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà kò sọ ju pé àwọn rí àmì tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ohun ẹlẹ́mìí; ẹnu àwọn tí ó gbé ìròyìn kiri ni àmì ti di ẹ̀rí.

Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, tí ó tóbi tó mọ́tò kékeré, tí NASA, àjọ tí ń rí sí ìwádìí ojú òfurufú ní Amẹ́ríkà, ń pè ní Perseverance, ni ó balẹ̀ sí Máàsì ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021. Inú kòtò ńlá kan tí ń jẹ́ Jezero ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 45, nítorí pé adágún omi ni ibẹ̀ ní ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù ọdún 3 sẹ́yìn, odò sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odò Ògùn ṣe ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Èkó. Ibi tí odò bá ti ń da ẹrẹ̀ sílẹ̀ ni ohun àtijọ́ máa ń pẹ́ sí. Ní oṣù keje ọdún 2024, ọkọ̀ náà dé àfonífojì tí odò àtijọ́ yẹn gbà kọjá, ó sì bá òkúta pupa kan pàdé níbẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 1, tí wọ́n sọ ní Cheyava Falls. Lára òkúta yìí ni àwọn àmì róbótó kéékèèké wà, tí inú wọn mọ́ díẹ̀, tí etí wọn ṣú, tí wọ́n sì jọ ara ẹkùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ náà fi orúkọ ẹkùn pè wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ ọkọ̀ náà yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rí kábọ́ọ̀nù nínú òkúta náà, irú èyí tí a fi ń kọ́ ara ohun ẹlẹ́mìí, wọ́n sì rí èròjà méjì nínú àwọn àmì ara ẹkùn yẹn: èkíní ni vivianite, tí irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì para pọ̀ di, èkejì ni greigite, tí irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ di.

Orúkọ méjèèjì yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àjèjì, ṣùgbọ́n irú ibi tí wọ́n ti ń wáyé kò jìnnà sí yín rárá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sọ̀kalẹ̀ sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàríga, nígbà tí omi fà sẹ́yìn, mo sì fi ṣíbí ọbẹ̀ ńlá kan tí ìyàwó mi kò tíì mọ̀ pé mo mú bu ẹrẹ̀ níbẹ̀. Òkè ẹrẹ̀ náà, tí kò nípọn ju èékánná lọ, pọ́n bí irin tí ó dípẹtà. Lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú bí èédú, òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́ sì gba afẹ́fẹ́. Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo gbé e sí ojú fèrèsé, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n padà. Afẹ́fẹ́ ni ó pọ́n ọn padà, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí ni ó sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Ọ́síjìn kò dé ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀, nítorí náà imí ọjọ́ tí ó yòrò sínú omi ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí fi ń mí, bí àwa ṣe ń fi ọ́síjìn mí; ohun tí wọ́n bá mí jáde ni ó ń rùn bí ẹyin, òun kan náà ni ó ń gbá irin inú ẹrẹ̀ mú tí gbogbo rẹ̀ fi ń dúdú. Àwọn mìíràn wà tí ìpẹtà irin gan-an ni wọ́n fi ń mí. Nínú irú ẹrẹ̀ báyìí ni greigite ti sábà máa ń wáyé, vivianite náà a sì máa wà ní ilẹ̀ àbàtà tí ewé ti ń jẹrà.

Ẹ ti rí ìdí tí ara àwọn onímọ̀ náà kò fi lélẹ̀. Ẹrẹ̀ àtijọ́ ni òkúta yẹn, kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, irin wà níbẹ̀, imí ọjọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì tò bí ìgbà tí ẹnì kan ti jẹun níbẹ̀ tí ó sì fi àwo sílẹ̀. Síbẹ̀, ooru ilẹ̀ nìkan lè mú kí irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ láìsí ohun ẹlẹ́mìí kankan nítòsí. Òótọ́ ni pé òkúta náà kò jọ èyí tí iná ti kàn rí, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó mú kí àmì náà lágbára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tútù tí a kò tíì ronú kàn lè wà. Nígbà tí Joel Hurowitz ti Yunifásítì Stony Brook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n dúró.

Ohun tí yóò yanjú rẹ̀ wà nínú túùbù kan. Wọ́n ti gbẹ́ díẹ̀ lára òkúta náà, tí kò tóbi ju ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ lọ, wọ́n sì ti dé e pa. Bí ó bá dé yàrá ìwádìí lórí ilẹ̀ ayé, wọn yóò wọn kábọ́ọ̀nù àti imí ọjọ́ inú rẹ̀, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oríṣi tí ó fúyẹ́ àti oríṣi tí ó wúwo díẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí sì dà bí alábàárù Òyìngbò tí ó rí ẹrù méjì: èyí tí ó fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NASA fúnra rẹ̀ sọ pé dọ́là bílíọ̀nù 11 tí wọ́n ṣírò fún gbígbé àwọn túùbù náà wálé ti pọ̀ jù, àti pé yóò di ọdún 2040 kí wọ́n tó dé. Ilẹ̀ Ṣáínà ní tiwọn ń múra láti rán ọkọ̀ Tianwen-3 lọ ní nǹkan bí ọdún 2028 láti bu iyẹ̀pẹ̀ Máàsì wálé, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ara òkúta yìí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ni ó ń bá mi kọ ọ́. Ògì ni mo ń tà ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà láàyè, oúnjẹ ni mo máa fún un. Kí ló dé tí wọn kò da oúnjẹ sórí iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá yóò jẹ ẹ́? — Ìyá Ológì, Èbúté Mẹ́ta

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o, ọjà á tà. Ohun tí ẹ wí yìí gan-an ni wọ́n ṣe ní ọdún 1976, nígbà tí ọkọ̀ Viking 1 balẹ̀ sí Máàsì ní ọjọ́ 20 oṣù keje, tí Viking 2 sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Ẹnì kan tí ń jẹ́ Gilbert Levin ni ó ṣe ètò rẹ̀. Ó po oúnjẹ mọ́ omi, ó fi àmì sí kábọ́ọ̀nù inú oúnjẹ náà kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀, ẹ̀rọ sì kán an sórí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ohun kan bá jẹ ẹ́, yóò mí kábọ́ọ̀nù yẹn jáde bí afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ yóò sì kà á.

Afẹ́fẹ́ náà jáde, Màmá. Ó jáde kíákíá, ó sì pọ̀.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n mú iyẹ̀pẹ̀ mìíràn, wọ́n fi sínú ooru tí ó tó ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 160 fún wákàtí 3, wọ́n tún kán oúnjẹ sí i. Ó dákẹ́ lọ gbári. Ẹ̀yin yóò mọ ìtumọ̀ ìyẹn ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Bí ẹ bá rẹ àgbàdo sínú omi, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìfófòó ti bo ojú rẹ̀, ó ti ń kan, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ara àgbàdo ń jẹun níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ se àgbàdo náà jinná tí ó sì dé e pa ní gbígbóná, kò ní kan bí ó ṣe yẹ, torí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di kíkan ti kú. Bí a bá fi òfin ológì ṣe ìdájọ́, Levin ti rí ohun ẹlẹ́mìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ọkọ̀ kan náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ara, ìyẹn èròjà kábọ́ọ̀nù tí ohun ẹlẹ́mìí máa ń ní, yálà ó wà láàyè tàbí ó ti kú. Kò rí i. Ta ni ó wá jẹ oúnjẹ náà? Ohun mìíràn tún wà tí ó máa ń mú mi ronú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kán oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì sórí iyẹ̀pẹ̀ tí ó ti “jẹun” tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i bí ẹni tí ebi ń pa tí wọ́n tún bu oúnjẹ fún. Ṣe ni díẹ̀ lára èyí tí ó ti jáde tún wọlẹ̀ padà. Ẹ dá ọwọ́ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún nínú ilé ìdáná yín. Yóò hó yèè, kò sì sí ohun tí ó wà láàyè nínú kán-ún. Ẹ sì rántí oògùn olómi tí nọ́ọ̀sì máa ń dà sójú egbò, tí ń hó wùrùwùrù: bí a bá gbé òun náà kaná, agbára rẹ̀ yóò lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀mí ni ó bọ́ lára rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi sọ pé iyẹ̀pẹ̀ Máàsì ní èròjà tí ń hó, kì í ṣe kòkòrò tí ń jẹun.

Ní ọdún 2008, ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Phoenix bá iyọ̀ kan pàdé nínú iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ tí a ń pè ní perchlorate, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú iná aláràbarà tí a máa ń yìn sókè lọ́dún. Iyọ̀ yìí, bí ẹ bá gbé e kaná pẹ̀lú ohun tí ó ní kábọ́ọ̀nù, yóò jó kábọ́ọ̀nù náà run. Bẹ́ẹ̀, gbígbé iyẹ̀pẹ̀ kaná ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ Viking ń gbà wá kábọ́ọ̀nù! Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé kábọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ ní 1976, tí àwọn fúnra wọn fi ọwọ́ ara wọn sun ún nígbà tí wọ́n ń wá a. Ọkọ̀ Curiosity, tí ó balẹ̀ ní ọdún 2012, ti wá rí irú kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ nínú òkúta tí ó jẹ́ ẹrẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2018. Èyí kò sọ pé Levin ló jàre, torí pé kábọ́ọ̀nù lè ti inú òkúta ojú ọ̀run wá. Levin ní tirẹ̀ kò yí ohùn padà títí ó fi kú ní ọdún 2021.

Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti bi ilẹ̀ bóyá ó ń jẹun kí wọ́n tó bi í irú ilẹ̀ tí ó jẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti wà rí, tí wọ́n sì ń wá òkú dípò alààyè, nítorí pé afẹ́fẹ́ Máàsì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa ní wíwúwo, kò sì sí ohun tí ó bo ojú ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ń pa kòkòrò. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù láàyè níbẹ̀ yóò ti sá wọlẹ̀. Ọkọ̀ Rosalind Franklin ti àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n ní lọ́kàn láti rán lọ ní ọdún 2028, yóò lè gbẹ́ ilẹ̀ tó mítà 2.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀, tí wọn yóò wá máa pariwo pé àwọn rí i? — Olùkọ́ báyọ́lọ́jì, Sùúrùlérè

Ìdáhùn: Ìbéèrè tí ó tọ́ nìyẹn, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Kí àwọn ọkọ̀ Viking tó gbéra, odindi ọkọ̀ ni wọ́n gbé sínú ooru tí ó lé ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 110 fún ju wákàtí 24 lọ. Ní ti Perseverance, túùbù 43 ni ó gbé lọ, márùn-ún nínú wọn kò sì wà fún òkúta rárá: ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Wọn yóò ṣí wọn, wọn yóò dé wọn padà níbẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mú láti ilé. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ NASA dá àbá àkàbà onípele 7 kan fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Rírí àmì ni ìpele kìíní, rírí i dájú pé a kò gbé e lọ láti ilé ni ìkejì, a óò sì gun òkè dáadáa kí a tó dé ibi tí a ti lè sọ pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè fa á.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé òkúta kan ti já bọ́ láti Máàsì sí ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Ṣé òótọ́ ni, àbí irú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí ọjà kò bá tà ni? — Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìdáhùn: Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962 ni, ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina. Àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìró bí àrá, tí afẹ́fẹ́ sì gbá a, tí òkúta kan sì gúnlẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 péré sí ibi tí ó dúró sí. Kòtò tí ó gbẹ́ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Òkúta náà wúwo tó kìlógíráàmù 18, wọ́n sì gbé e lọ sí Kàdúná. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin yẹn: ẹyẹ ló ń lé, Máàsì ni ó dé bá a.

Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ ibi tí ó ti wá ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sínú irú àwọn òkúta bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá afẹ́fẹ́ tí Viking wọ̀n ní Máàsì mu. Òkúta inú iná ilẹ̀ ni Zagami, nítorí náà kò sí ẹni tí ń wá ohun ẹlẹ́mìí nínú rẹ̀. Òmíràn tí wọ́n ṣà lórí yìnyín Antarctica ní ọdún 1984 ni ó dá ariwo sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, nígbà tí David McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA sọ pé àwọn rí ohun tí ó jọ òkú kòkòrò nínú rẹ̀, tí Ààrẹ Clinton fúnra rẹ̀ sì jáde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn fi hàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ohun tí kò ní ẹ̀mí lè fa gbogbo àmì wọ̀nyẹn. Ní ti Zagami tiwa, wọ́n fi èérún rẹ̀ kan sára ọkọ̀ Mars Global Surveyor tí ó gbéra ní ọdún 1996 tí ó lọ ń yí Máàsì po. Ọkọ̀ náà dákẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ṣùgbọ́n èérún oko Katsina ti padà dé ìtòsí ilé.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 14 ni mí. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé mo lè rí Máàsì láti orí òrùlé wa ní Agége, àbí ó dìgbà tí mo bá ní awò? — Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ojú rẹ lásán tó o. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2027, Máàsì yóò wà ní òdì kejì ayé sí oòrùn, nítorí náà bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ni òun yóò máa yọ ní ìlà-oòrùn, yóò sì wà lókè títí di òwúrọ̀. Wá ìràwọ̀ tí ó pọ́n bí ẹyin iná, tí kì í sì í ṣẹ́jú bí àwọn ìràwọ̀ yòókù. Ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run lóṣù yẹn, nítorí náà, bí o kò bá rí i ní ọjọ́ kìíní, tún gòkè ní ọjọ́ kejì, kí o sì sọ fún àwọn òbí rẹ kí o tó gun òrùlé.